Ẹ̀KỌ́ ÀÁRÍN Ọ̀SẸ̀: TA NI ẸLẸ́SÌN SÀTÁNÌ?

Bíbélì kíkà: Jóòbù 1:6–12, Sekaráyà 3:1–5, Ìfihàn 12:10, Ẹ́kísódù 20:16.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ ọ. Bí gààrí obìnrin kan bá ń tà ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ọjà Savalou, wọ́n á ní ó ti wọ ẹgbẹ́ Sàtánì. Bí ọmọ ilé-ìwé kan kò bá fẹ́ bá àwọn ojúgbà rẹ̀ ṣeré, wọ́n á ní Sàtánì ti gba ọkàn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ti Kútọnu dé pẹ̀lú alùpùpù tuntun, ẹ̀jẹ̀ ló fi rà á. Ìyá arúgbó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ìyẹn kò tilẹ̀ nílò ẹlẹ́rìí mọ́! Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tó ń sọ ọ́ pé, kí ni ìsìn Sàtánì gan-an, ta ló dá a sílẹ̀, níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kò ní lè dáhùn. Ohun tí kò mọ̀ ló fi ń fẹ̀sùn kan ọmọnìkejì rẹ̀.

ÌTUMỌ̀ ORÚKỌ NÁÀ

Sàtánì kì í ṣe orúkọ Yorùbá, kì í ṣe ti Fọ̀n, kì í sì í ṣe ti Máhì. Èdè Hébérù ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni alátakò, ẹni tó dìde dúró láti fẹ̀sùn kan ènìyàn níwájú onídàájọ́. Orúkọ tí èdè Gíríìkì fún un nínú Májẹ̀mú Titun túmọ̀ sí abanijẹ́, ẹni tó ń fi irọ́ ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ wo Jóòbù orí kìíní. Kí ni Sàtánì kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀? Kò kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ. Ẹ̀sùn ló kọ́kọ́ mú wá: ó ní Jóòbù kò sin Ọlọ́run lásán, pé nítorí èrè tó ń rí ni. Nínú Sekaráyà orí kẹta, Jóṣúà olórí àlùfáà dúró, aṣọ ọrùn rẹ̀ dọ̀tí, Sàtánì sì dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ta kò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ sùtánà funfun, ẹ fetí sílẹ̀ níbí: Olúwa kò bá Sàtánì ka ìdọ̀tí aṣọ náà. Sàtánì ló bá wí, ó sì ní kí wọ́n bọ́ aṣọ ìdọ̀tí náà, kí wọ́n fi òmíràn wọ ọkùnrin náà. Ìwé Ìfihàn sì pè é ní olùfisùn àwọn ará, tí kì í sinmi lọ́sàn-án àti lóru.

Ǹjẹ́ ẹni tó bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tó ń sọ pé ti Sàtánì ni lágbájá, tí kò sì rí ohunkóhun, kí ó mọ iṣẹ́ ẹni tí òun ń ṣe.

ÀWỌN TÓ PE ARA WỌN BẸ́Ẹ̀

Àwọn kan wà láyé tí wọ́n fi ẹnu ara wọn pe ara wọn ní ẹlẹ́sìn Sàtánì. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1966, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Anton LaVey dá ìjọ kan sílẹ̀ ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ó pè é ní Church of Satan, ìyẹn ni Ìjọ Sàtánì. Ní 1969 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ ní The Satanic Bible. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yìí á rò pé ẹ̀mí burúkú ni wọ́n ń wólẹ̀ fún, tí wọ́n sì ń pa ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni yàtọ̀. LaVey kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì gbà pé Sàtánì wà bí ẹ̀dá alààyè. Orúkọ náà jẹ́ àpẹẹrẹ lójú wọn, àpẹẹrẹ ìgbéraga àti ìfẹ́ ara ẹni, kí ènìyàn má sin ẹnikẹ́ni ju ara rẹ̀ lọ. Nínú òfin mọ́kànlá tó kọ sílẹ̀ fún wọn, ó kà á léèwọ̀ láti pa ọmọdé lára, ó sì kà á léèwọ̀ láti pa ẹranko, àfi fún jíjẹ tàbí bí ẹranko náà bá kọlu ènìyàn.

Ní 1975 àwọn kan tẹ̀lé Michael Aquino ya kúrò lára wọn, wọ́n dá Temple of Set sílẹ̀. Àwọn yìí ní tiwọn gbà pé ẹ̀dá alààyè kan wà, wọ́n sì fi orúkọ òrìṣà Íjíbítì àtijọ́ pè é. Ní 2013 ẹgbẹ́ mìíràn tún yọ, The Satanic Temple, ilé wọn wà ní ìlú Salem. Àwọn náà kò gbà pé Sàtánì wà. Ẹjọ́ ni wọ́n sábà máa ń pè níbẹ̀, kí ìjọba má baà gbé ìsìn kan ga ju ìkejì lọ.

A kò fara mọ́ ọn o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Ẹni tó sọ ara rẹ̀ di ọlọ́run ara rẹ̀ ti ṣìnà jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ni kí a bá a wí lé lórí. Òfin tó ní kí a má jẹ́rìí èké kò sọ pé a lè jẹ́ ẹ mọ́ kèfèrí. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Akpassi kò sì mọ LaVey rí, kò ka ìwé rẹ̀, kò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ IRỌ́ DI ẸJỌ́

Àwọn òyìnbó pàápàá ti bọ́ sínú kòtò yìí. Ní 1983, ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn olùkọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan tí ń jẹ́ McMartin pé wọ́n ń bá àwọn ọmọdé ṣe ìṣekúṣe, pé wọ́n tún ń ṣe ètùtù Sàtánì. Ẹjọ́ náà kò parí títí di 1990. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níkẹyìn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti lo ọdún márùn-ún ní àtìmọ́lé. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà. Kenneth Lanning, ọ̀gá kan nínú FBI, ìyẹn ọlọ́pàá àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fi ọdún púpọ̀ tọpa rẹ̀. Nínú ìròyìn tó kọ ní 1992, ó ní òun kò rí ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Sàtánì kan ń pa ènìyàn rúbọ bí wọ́n ti ń wí. Ní England, ìjọba ní kí ọ̀mọ̀wé Jean La Fontaine yẹ irú ẹ̀sùn báyìí wò. Ó yẹ 84 wò, ó sì jábọ̀ ní 1994. Mẹ́ta péré ni ẹ̀rí ètùtù wà nínú wọn, ti Sàtánì kọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbàlagbà tó fẹ́ ba ọmọdé jẹ́ ló ń fi ètùtù dẹ́rù bà wọ́n.

Ọmọ tó kú lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast, ni ìbátan rẹ̀ kan mú lọ sí ilẹ̀ Faransé àti lẹ́yìn náà sí London, pé kó lè kàwé níbẹ̀. Ìbátan yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ẹ̀mí burúkú wà lára ọmọ náà. Ó gbé e lọ síwájú àwọn oníwàásù, wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n gbàdúrà, kò sì sí ẹni tó ṣí aṣọ ọmọ náà wo ojú ọgbẹ́. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, àpá àti egbò 128 ni àwọn dókítà kà lára rẹ̀. Ní 2001 wọ́n rán ìbátan náà àti ọkùnrin tó ń bá a gbé lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Sàtánì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, a kò jiyàn. Kò sí lára ọmọ náà.

NÍ ILẸ̀ TIWA

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Púpọ̀ nínú àṣìṣe wa ti inú ìtumọ̀ wá. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tó parí ní 1884, wọ́n wá orúkọ tí wọn yóò fi pe ẹni ibi náà. Níbòmíràn wọ́n fi Sàtánì sílẹ̀ bó ṣe wà, níbòmíràn wọ́n kọ Èṣù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Dahomey ṣe mú Lẹ́gbà àwọn Fọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn baba wa, Èṣù kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Oníṣẹ́ ni, tó ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ, tó ń ṣọ́ oríta àti ọjà, tó sì ń bá Ifá rìn. Àwọn ènìyàn ń sọ ọmọ wọn ní Èṣùbíyìí láìtijú. Ọba Èkó kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá tí ń jẹ́ Èṣùgbàyí! Àwa kì í bọ Èṣù, a kò sì ní bọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan bá gbé yangí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó dìde sí Ọlọ́run nínú ìwé Jóòbù ló gbé síbẹ̀. Lójú tirẹ̀, olùṣọ́ ilé ni.

Ẹ wo Dankoli, lójú títì láti Savalou lọ sí Bantè. Gbogbo wa la ń kọjá níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa a máa di ojú nínú ọkọ̀, wọ́n á ní ojúbọ Sàtánì nìyẹn. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ á gbá èèkàn igi wọlẹ̀, á da epo pupa sí i, á fi ẹnu fọ́n sódàbì sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì sọ ohun tó ń wá: ọmọ, iṣẹ́, ìlera. Bó bá rí i, á padà wá san ẹ̀jẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ tàbí ẹran. Ohun tí obìnrin tó yàgàn ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ilé ìjọsìn wa náà nìyẹn. Ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà wa, a sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójúkojú pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò pe Sàtánì, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ẹnikẹ́ni. Òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 fún olúkúlùkù ní òmìnira ìsìn, àwa àti àwọn. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní sì ti di ọjọ́ ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ láti 1998.

Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé àkókò Kérékou. Ní nǹkan bí 1975 sí 1976, ìjọba dojú ìjà kọ àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́. Àwọn ìyá arúgbó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n mú. Wọ́n mú kí wọ́n jẹ́wọ́, aráyé sì gbọ́ ìjẹ́wọ́ náà lórí rédíò. Ikú ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń dì rù wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ tuntun tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ há, tí kò lè mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ ń le gbagidi, tẹ́tánọ̀sì ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́. Abẹ ìdọ̀tí tí a fi gé ìwọ́ rẹ̀, tàbí ohun ìdọ̀tí tí a fi sí i, ló ń gbé e wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìyá gbà nígbà oyún ló ń dènà rẹ̀. Ìyá àgbà tó wà nínú ilé kọ́.

Ẹnì kan á ní, àwọn tó ń pa ènìyàn ṣe oògùn owó ńkọ́, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kininsi? Wọ́n wà, ìwà ọ̀daràn gbáà sì ni. Owó ni àwọn yẹn ń sìn. Ẹni tó bá rí òkú, tàbí ẹ̀jẹ̀, tàbí ọmọ tó sọnù, ọlọ́pàá ni kó sá lọ bá. Ẹni tó bá rí alùpùpù tuntun nìkan, alùpùpù ló rí.

ÀWA ALÁṢỌ FUNFUN ŃKỌ́?

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kàn wá. Ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí àwọn ìjọ mìíràn ń wí nípa wa ni? Wọ́n ní a kì í wọ bàtà nítorí pé a bá ẹ̀mí omi dá májẹ̀mú. Wọ́n ní àbẹ́là wa ti inú ẹgbẹ́ òkùnkùn wá, àti tùràrí, àti odò tí a ń lọ. Ó ń dùn wá, nítorí a mọ̀ pé irọ́ ni. Bó ṣe ń dùn wá náà ló ń dun ìyá tí aríran wa kan dìde láàárín ìsìn tó ní òun rí i ní ìpàdé òru.

Lórí ìran, báyìí ni kí ó rí. Aríran tó bá rí nǹkan nípa ènìyàn, kí ó má dárúkọ ẹni náà láwùjọ. Àwọn àgbà ìjọ ni kí ó kọ́kọ́ sọ fún, ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dán an wò. Kí ẹnikẹ́ni má so ọmọdé mọ́lẹ̀, kí a má nà án, kí a má fi ata sí i lójú, kí a má fi ebi pa á ní orúkọ ìtúsílẹ̀. Kí a má lé opó kúrò nílé ọkọ rẹ̀ nítorí àlá. Bí ọmọ bá ń gbóná, tí ó ń gìrì, kí ẹ má dúró de ìsọjí alẹ́ Jímọ́ọ̀ láti mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ wá alùpùpù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù lọ, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. A ó máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.