Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Sísin Ẹja Àrọ̀ ní Àgbàlá Ilé

Gbogbo wa ni a mọ àrọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà ní etí odò Ouémé, àwọn apẹja a máa rí i láàyè nínú ẹrẹ̀, nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ dè é. Ìdí rẹ̀ ni pé àrọ̀ lè yọ orí sókè kí ó mí afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni àwọn kan tí ń sìn ín nílé ṣe máa ń wí pé: «Ẹja ẹrẹ̀ ni. Kí ni yóò fi omi mímọ́ ṣe?» Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ẹja púpọ̀, ó sì ti gbé owó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ẹ wò ó: táǹkì kì í ṣe odò. Ibi tí ẹja ti ń jẹun náà ni ó ń yàgbẹ́ sí. Oúnjẹ tí kò jẹ tán a sì máa jẹrà nísàlẹ̀. Láti inú ìdọ̀tí yìí ni májèlé kan ti ń jáde, tí a ń pè ní amóníà. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹja lára. Afẹ́fẹ́ tí àrọ̀ ń mí lókè kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí táǹkì simẹ́ǹtì yín bá jẹ́ tuntun, ẹ pọn omi kún un fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tún pọn òmíràn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí oró simẹ́ǹtì lè tán. Ẹ ti fi ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ ń mọ ọ́n. Ẹni tí kò ṣe é yóò máa fi garawa gbọ́n omi títí ẹ̀yìn yóò fi dùn ún.

Táǹkì tí ó gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi rẹ̀ sì jìn ní sẹ̀ńtímítà 80, gba lítà 1,600. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹja 50 tó fún lítà 1,000. Ẹja 80 ni kí ẹ kó sí i, ì báà jẹ́ pé ẹni tí ń tà á ní kí ẹ ra 300. Kí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà, nítorí àrọ̀ ńlá a máa gbé kékeré mì. Ẹ fi àwọ̀n bo ojú táǹkì. Àrọ̀ ń fò jáde lóru òjò. Ọmọdé pẹ̀lú sì lè kó sínú omi náà.

Omi kànga dára. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àgbá tí a kò dé fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí oògùn inú rẹ̀ lè fẹ́ lọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ tú ìdá kan nínú mẹ́ta omi táǹkì jáde láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ẹja bá dàgbà, ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀fọ́ tètè àti ata fẹ́ràn omi ìdọ̀tí yìí gan-an.

Ẹ fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 15. Àrọ̀ tí ó yọ sókè tí ó tún wọlé lọ kò ní àìsàn. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ wọn bá dúró ṣánṣán, tí ẹnu wọn wà lójú omi, tí wọn kò jẹun, ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ tú omi náà dé ìlàjì, kí ẹ fi tuntun sí i ní wàràwàrà.

Ìdánrawò: Táǹkì kan gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 1, omi rẹ̀ jìn ní sẹ̀ńtímítà 50. Lítà mélòó ni omi náà? Ẹja mélòó ni ẹ óò kó sí i?