Má dákẹ́ níbẹ̀, Àkànní

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ti ọ̀dọ̀ rẹ ní ilé ìtọ́jú dé, ó sì ní kí n kí ọ. Ó ní ò ń jẹun, ò ń lo oògùn, o kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó yí ká nírọ̀lẹ́ láti sọ ohun tó wà lọ́kàn yín, ilẹ̀ lò ń wò títí ẹ ó fi túká. Ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Ẹni tó bá jókòó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ló ń kà. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Orí iṣẹ́ zémidjan, ọ̀kadà tí ò ń gùn, ni oògùn tramadol ti bá ọ. O fẹ́ gbé èrò dé Pobè lọ́sàn-án, kí o tún gbé ẹrù dé Ìlárá lóru, kí ó má sì rẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìpáńle ló gbé ọ débẹ̀. Sọ ọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú ọ bó ṣe rí: iye tí ò ń lò lóòjọ́, bóyá ò ń fi ọtí sódàbì tì í, àsìkò tí ara máa ń béèrè rẹ̀ jù. Bí wọn kò bá mọ̀, báwo ni wọn yóò ṣe yọ ọ́ lára rẹ tí gìrì kò fi ní gbé ọ? Bí oògùn tiwọn bá sì ń dà ọ́ láàmú, béèrè ohun tó wà fún.

O gbọ́ nípa Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin wa tó ń ṣiṣẹ́ táyà ní Bouaké kó tó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀, tó ń já ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn tí orí wọn dàrú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti jẹ́ aláìsàn níbẹ̀ rí. Ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹrù kò lè débẹ̀.

Má sì tètè jáde o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á fúyẹ́, ọkàn á ní o ti bọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní bí kò bá tó oṣù mẹ́ta, ìtọ́jú kì í fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Jọ̀wọ́, má gbàgbé èyí: ara tó ti sinmi kò lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Iye tí ò ń lò lójoojúmọ́ nígbà yẹn lè pa ọ́ lónìí.

Nígbà tí Dókítà Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí mọ̀lẹ́bí máa bá aláìsàn gbé ní abúlé ìtòsí. Àwa kò lè sùn tì ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí, èmi àti ìyá rẹ ń bọ̀. Bí a bá ti ṣe ohun kan tó dùn ọ́, ojú wa ni kí o ti sọ ọ́. Bàbá rẹ náà yóò wá. Mo ti bá a sọ ọ́, kò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ.

Kọ ohun tí o bá fẹ́ kí a mú wá ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ní Kétu