Fáàfù Abẹ́ Síńkì Tí Ọwọ́ Kò Tó

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí kápẹ́ńtà ti ṣe kọ́bọ́ọ̀dù sí abẹ́ síńkì wa ní Òdogbolú, ọwọ́ mi kì í tó àwọn fáàfù méjèèjì tó ń ti omi síńkì (angle valve) mọ́. Ọ̀kan ti gan pa, èkejì ń kán. Púlọ́ńbà ní òun á fi họ́ọ̀sì gígùn fa fáàfù tuntun wá síwájú, táìlì kankan ò ní fọ́. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà o, Mà. Họ́ọ̀sì tó bá wà láàárín ògiri àti fáàfù, tọ̀sán-tòru ni omi ń tì í. Bí ó bá bẹ́, fáàfù tuntun kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí omi náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi ń dà sílẹ̀. Ẹ ti lè wà lọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, kí táǹkì tó gba lítà 1,000 sì dà tán sínú ilé ìdáná. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga bá jẹ́ èyí tó ń tan ara rẹ̀, á tún máa rọ omi mìíràn sí i.

Páìpù fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n sún wá síwájú. Táìlì inú kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló máa fọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i. Kí wọ́n ti gate valve abẹ́ táǹkì, kí wọ́n pa híítà, kí omi tó kù sì dà tán lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí páìpù bá jẹ́ PPR, iná ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, ní nǹkan bíi 260°C. Páìpù mílímítà 20 kò ju bíi ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ lórí iná náà. Bí ó bá pẹ́ jù, ike tó yọ́ á dí ojú omi. Bí ó bá jẹ́ PVC tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó ṣí omi. Irin àtijọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù: sípánà méjì ni kí wọ́n lò, kí ọ̀kan di páìpù mú bí èkejì ṣe ń tú fáàfù, kó má baà ya nínú ògiri.

Ibi tí ẹ ti lè nawọ́ mú fáàfù láìgbé ìkòkò kankan kúrò ni kó wà. Kí wọ́n fi kílíìpù de páìpù mọ́ ògiri, kó má máa yí tẹ̀lé ọwọ́ yín. Fáàfù idẹ tó wúwo lọ́wọ́ ni kí ẹ rà. Kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì ṣí omi wò mọ́jú kí wọ́n tó lẹ táìlì padà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tì wọ́n kí ẹ sì tún ṣí wọn lóṣooṣù, kí wọ́n má baà gan.