Àjẹ̀ Wo Ló Yẹ Ọwọ́ Yín?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tí ẹ ń gbé etí ọ̀sà, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi ọkọ̀ kékeré kó ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja lọ sọ́jà. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ́ tàbí àdá, ẹ máa ń gbé e wò, ẹ máa ń wo èèkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di ti àjẹ̀, èyí tó bá ti wà nílẹ̀ náà ni. Kí ló ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Èjìká á máa dunni, bí ìjì bá sì dé lójijì, agbára tí à bá fi wa ọkọ̀ dé èbúté ti tán.

Gígùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ jókòó sórí àpótí, kí ẹ̀yìn yín nà ṣánṣán. Ẹ dorí àjẹ̀ kodò, kí ìdí èèkù rẹ̀ kan àpótí láàárín itan yín. Ọrùn àjẹ̀, níbi tí èèkù ti pàdé ibi pẹlẹbẹ tí ń gbá omi, gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín àgbọ̀n àti imú yín. Bó bá kọjá imú, ọwọ́ òkè yín á máa ga ju èjìká lọ, òun ló sì ń dá èjìká lágara. Bí kò bá dé àgbọ̀n, ẹ óò máa tẹ̀ba sórí omi ṣáá. Ẹ ò rí i pé àjẹ̀ baba kò lè bá ọmọ ọdún 12 mu! Ọkọ̀ tó bá fẹ̀ ń fẹ́ èyí tó gùn díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń dúró wakọ̀ ń fẹ́ èyí tó ga jù ú lọ.

Ẹrù máa ń rì ọkọ̀ wálẹ̀. Àjẹ̀ tó ṣe wẹ́kú nígbà tí ẹ̀gẹ́ kún ọkọ̀ lè kúrú díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lófìfo. Ní tèmi, ti ìgbà ẹrù ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí ìgbà yẹn niṣẹ́ pọ̀.

Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí tó fẹ̀ bí àwo. Lóòótọ́ ó ń gbá omi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ agbára. Ínṣì 6 sí 8 tó fún ọ̀nà jíjìn. Níbi tí koríko ojú omi tó wọ odò Badagry ní 1984 bá ti gbilẹ̀, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló rọrùn láti fà yọ.

Igi ìrókò àti apá le, àmọ́ wọ́n wúwo jù. Ẹni tó bá gbá omi nígbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,800 ló gbé àjẹ̀ sókè ní wákàtí kan. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì tètè ń jẹrà. Afàrà tó ti gbẹ dáadáa wà láàárín. Ẹ rí i pé ìlà igi náà lọ tààrà látòkè dé ìsàlẹ̀. Bí kókó bá wà lọ́rùn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti dá, àárín omi ni yóò sì dá sí.

Ẹ fi òróró líńsíìdì tí káfíńtà ń lò pa á. Epo pupa kì í gbẹ, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má kun fáníìṣì sí èèkù, ó ń bó ọwọ́. Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ fi okùn so àjẹ̀ kejì mọ́ ọkọ̀.