Kí O Tó Gbé Imú Rẹ fún Oníṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ọmọ Ìwòyè-Kétu, tìhín ibodè àti tọ̀hún, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń tu owó jọ láti lọ tún imú ṣe. Àwọn àgbà kan ti ń gbé yín ṣépè nítorí rẹ̀. Èmi ò ní bá wọn dá sí i. Àwọn òbí wa gbé ojú wa fún olóòlà, wọn ò sì bi í pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ́nu láti bèèrè. Ohun tí ẹ ó bèèrè ni mo fẹ́ sọ.

1. Fi ẹ̀sùn kan fóònù kó o tó fi kan imú. Fọ́tò tí o na ọwọ́ yà fúnra rẹ ń purọ́. Ní 2018, Boris Paskhover, oníṣẹ́ abẹ ní yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀: bí fóònù bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú, imú á fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Tó bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, irọ́ tán. Ní kí ẹlòmíràn dúró lókèèrè yà ọ́.

2. Lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ilẹ̀ Kétu ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí pé ó ti ṣẹ̀, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ní 1950, William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, jókòó ti Duga, agbẹ́gilére ní Ìmẹ̀kọ níbí, ó ń wo bó ṣe ń fi ọ̀bẹ kọ ojú sára igi. Sún mọ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́: imú gbilẹ̀, ihò rẹ̀ là gbàgà, ètè kún. Kò sẹ́ni tó dúró lágbo tó ní kí wọ́n fá imú yẹn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí tìrẹ bá ṣì ń dà ọ́ láàmú lẹ́yìn èyí, máa kà á lọ.

3. Mímí ṣáájú ẹwà. Ẹni tí ògiri àárín imú rẹ̀ wọ́, tàbí tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí igi imú sì ṣẹ́, ó ní ìdí láti ṣe é. Iṣẹ́ yìí kò tilẹ̀ ti ìdí fáàrí bẹ̀rẹ̀. Ìwé Sushruta ní Íńdíà àtijọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe imú fún ẹni tí wọ́n ti gé tirẹ̀. Ní Sókótó, láti 1999, ilé ìwòsàn kan wà fún àwọn ọmọ tí àrùn noma jẹ ojú àti imú wọn. Wọ́n ń tún un ṣe níbẹ̀ kí ọmọ lè jẹun, kó lè jáde láàárín ẹgbẹ́.

4. Mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an. Àwọn kan ń gba inú ihò imú wọlé, àpá ò ní hàn síta. Àwọn mìíràn ń la awọ tó wà láàárín ihò méjèèjì, wọ́n á ṣí imú sókè kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Igi imú ọ̀pọ̀ nínú wa kò ga, awọ rẹ̀ nípọn, eegun rírọ̀ inú rẹ̀ kò le. Nítorí náà fífi kún ni iṣẹ́ tiwa sábà máa ń jẹ́: wọ́n á bu eegun rírọ̀ láti ògiri imú, láti etí tàbí láti ìhà. Àwọn kan ń lo sílíkónì. Ó lè yẹ̀, ó lè kó kòkòrò, ó sì lè lu awọ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ihò imú ni wọ́n fẹ́ dín kù, wọ́n á gé díẹ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹran tí wọ́n bá gé níbẹ̀ kò ní padà. Awọ tó nípọn kì í tètè rọlẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè ju ọdún kan lọ kó o tó rí imú tí o sanwó fún.

5. Bí ihò etí tí wọ́n lu fún ọ tàbí ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára bá ti wú di kókó rí, sọ fún dókítà. Awọ dúdú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju ti òyìnbó lọ. Sọ jẹ́nótaìpù rẹ, sọ àgbo tí ò ń mu. Aspirin àti aáyù ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Sìgá kì í jẹ́ kí ojú egbò jinná.

6. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 16 àti ọmọkùnrin tí kò tíì pé 17, imú wọn ṣì lè máa dàgbà. Kí wọ́n ní sùúrù.

7. Abẹ́rẹ́ filler, èyí tí wọ́n ń gún láti fi kún imú, tí wọ́n sì ń sọ pé kò mú abẹ dání, kì í ṣe eré. Bó bá ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ imú lè kú, ojú sì lè fọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí tàbí ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì.

8. Ta ló mú abẹ dání? Ibi tí mo fẹ́ kó o tẹ́tí sí jù nìyí. Stella, ìyàwó Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ ìpínlẹ̀ wa tó jẹ́ ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà ní Marbella ní Spéìn. Ikùn ló lọ tún ṣe, kì í ṣe imú. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2005. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lẹ́bi. Owó kò wọ́n wọn, òkè òkun sì ni. Nítorí náà má ṣe jẹ́ kí gbọ̀ngàn tó ń dán tàn ọ́. Bèèrè bóyá orúkọ dókítà tìrẹ wà nínú ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, àti pé ìwé àṣẹ ọdún yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bèèrè bóyá iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ló kọ́. Ẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà ń jẹ́ NAPRAS. Ilé ìwòsàn Ìgbòbì l'Ékòó àti UCH n'Íbàdàn ní àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò fún ọ lóògùn oorun? Ọ́síjìn ńkọ́? Bí nǹkan bá yíwọ́ lóru, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ń gbé ọ lọ? Bó o bá sọdá sí Bẹ̀nẹ̀, ìbéèrè kan náà ni.

9. Má sáré padà sí Ìwòyè lọ́jọ́ kejì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ohun tí wọ́n dè mọ́ imú máa ń wà níbẹ̀. Inú eruku ọyẹ́ àti orí ọ̀kadà kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé irú imú bẹ́ẹ̀ lọ. Fi owó kan pamọ́ pẹ̀lú, torí àwọn kan máa ń padà lọ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Bí o bá wá bèèrè gbogbo èyí, tí dókítà náà sì ń bínú sí ìbéèrè rẹ, dìde, gba owó rẹ, kó o sì máa bọ̀ nílé.