ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ta ló ni ààfin Ìjánnà?

Nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣì lágbára, ààfin Onísàrẹ́, olórí Ìjánnà ní ilẹ̀ Yewa, kì í ṣe ogún ìdílé kankan. Aláàfin Ọ̀yọ́ ló ni ín. Ẹrú ààfin ni Aláàfin ń fi jẹ Onísàrẹ́, Tápà tàbí Haúsá lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí tó lè bá a dìtẹ̀. Ọgbọ́n àgbà! Onísàrẹ́ yìí ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ wá sí etí òkun. Ènìyàn tí wọ́n fẹ́ tà wà lára ẹrù wọn. Arìnrìn-àjò Clapperton dé ìlú náà ní Oṣù Kejìlá 1825, àwọn arìnrìn-àjò Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá ní 1830.

Kò pẹ́ sígbà náà tí agbára Ọ̀yọ́ fi wó, tí ogun sì sọ Ìjánnà di ahoro. Ẹ̀gbá ń du àdúgbò náà, Dàhọ̀mì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ìlú Òkè-Ọ̀dàn ní àdúgbò náà fọ́ ní 1848. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tó kọjá nítòsí Ọjà-Ọ̀dàn. Wọn ò bi onílẹ̀ léèrè.