Inú Ń Run Mí ní Gbogbo Ọjọ́rú: Kì Í Ṣe Ibà, Kì Í Ṣe Irọ́

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, apá kan ẹ̀ wà nínú ìwé Báyọ́lọ́jì wa. Apá kejì, ara mi ni mo ti kọ́ ọ.

Ní táàmù tó kọjá, gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni orí mi máa ń gbóná. Tó bá fi máa di àárọ̀ Ọjọ́rú, inú á ti máa run mí, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù, á sì máa làágùn. Màmá mi ní ibà ni. Ní Mowe níbí, kí ni a kì í pè ní ibà? Ẹ̀ẹ̀mẹta la ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Mo lò ó tán, Ọjọ́rú míì dé, inú tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kíláàsì ní mò ń díbọ́n, pé mi ò fẹ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìṣirò ni. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí inú yẹn ń run mí lóòótọ́.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, a lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gún ìka mi, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike kékeré kan, ó ní kò sí ibà lára mi. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó lo oògùn ibà, àwa ò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ọjọ́ wo ló máa ń ṣe ẹ́?"

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: Ọjọ́rú, Ọjọ́rú, Ọjọ́rú. Ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì ìṣirò ni. Nígbà họlidé, kò ṣe mí rárá. Màmá mi wò mí, èmi náà wò wọ́n.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Bàbá mi ti sọ pé owó WAEC ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn lè san. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Tí ọkọ̀ bá há ní Ibafo, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń ti Èkó wọlé, mo sì ń rí bó ṣe ń rẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé wọ tẹ́ẹ̀sì ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA?

Másùnmáwo ni Yorùbá ń pè é. Ẹ wò ó, àìsùn ti wà nínú orúkọ ẹ̀.

Ká ní ajá lé ẹ ládùúgbò. Ẹ̀yà ara kékeré méjì wà tó jókòó lórí kíndìnrín wa. Wọ́n á da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkì, èémí á yára, iṣan á le. Ẹ̀jẹ̀ á dín kù nínú ikùn kó lè pọ̀ ní ẹsẹ̀ tí o fẹ́ fi sáré. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń run èèyàn, tàbí kí ìgbẹ́ máa gbọ̀n ọ́n lójijì. Iṣan ọrùn àti ti orí tó le ló ń di orí fífọ́ àti èjìká dídùn.

Ara ò mọ̀yàtọ̀ láàárín ajá àti ìdánwò. Ṣùgbọ́n ajá lé ẹ, o sá, ó parí. Ìdánwò ní tiẹ̀ lè máa lé ẹ fún odindi táàmù. Ara tó ń múra àtisá láìsá, á rẹ̀ ẹ́.

ABẸ́ÒKÚTA NI WỌ́N TI KỌ NÍPA Ẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà ní Ifo, tó ń múra WAEC. Tiẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí òun. Ìwé á máa ṣe bàìbàì lójú ẹ̀, á ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní mọ ohun tó kà. Àwọn ará ilé ní wọ́n ń ṣe é ni.

Ẹ gba ojú ọ̀nà tó wà níwájú ilé wọn lọ títí, Abẹ́òkúta lẹ máa bá. Ilé ìwòsàn Aro wà níbẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ nígbà kan. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1960, ó kọ̀wé jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń ṣàròyé orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn lórí, ojú tó ń ṣú, àti ìwé tí kò wọlé mọ́. "Brain fag" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Prince rí i pé ẹrù tí ẹbí gbé lé wọn lórí wà nínú ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọpọlọ wa ló kéré o. Wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà yẹn.

OHUN TÍ MO Ń ṢE BÁYÌÍ

1. Mo ń kọ ọjọ́ àti aago tó bá ṣe mí sílẹ̀. Ìwé yẹn ló fi hàn mí pé Ọjọ́rú ni.

2. Mo ń mí sínú fún ìwọ̀n oókan sí ẹẹ́rin, mo ń mí síta fún ìwọ̀n oókan sí ẹẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mímí tó falẹ̀ ló ń sọ fún ara pé ajá ti lọ.

3. Mo ń sùn. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló yẹ ọjọ́ orí wa. Mo máa ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, torí náà mò ń sùn ní aago mẹ́sàn-án. Kò tíì pé, ó sàn ju aago méjìlá lọ.

4. Mo ń mu ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà kí n tó wá. Ebi àti ẹ̀rù kì í gbé pọ̀ dáadáa nínú ikùn kan.

5. Mo sọ fún olùkọ́ ìṣirò wa. Èyí ló ṣòro jù. Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní kí n máa ṣe ìbéèrè mẹ́ta péré lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé.

Mi ò ní parọ́, inú ṣì run mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo kọ ọ́. Mẹ́fà nínú ogún ni mo ń gbà tẹ́lẹ̀, mo gba mọ́kànlá.

Ẹ GBỌ́ O

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni másùnmáwo. Tí ara bá ń gbóná, tí ọrùn bá gan, tí èèbì ò dá, tí o bá ń rù tàbí tí o dákú, ilé ìwòsàn ni kí o lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé ó sàn kí òun kú, kó sọ fún àgbàlagbà lónìí, kó má dọ̀la.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ọjọ́ tó ń ṣe ọmọ kí ẹ tó ní irọ́ ló ń pa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ má sá fún ìwé, ẹ sọ̀rọ̀ síta. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.